Nígbà Tí Ìpolongo Lòdì sí Ìfipábánilòpọ̀ Bá Kọjú sí Ọkùnrin, Ta Ni Ó Ń Bá Wí?

Ẹ̀sùn méjì ló sábà máa ń dìde bí ìpolongo kan bá jáde tó ń bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ lórí ìfipábánilòpọ̀. Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ máa ń ti ẹnu àwọn ọkùnrin fúnra wọn wá: wọ́n á ní àwọn kò fipá bá ẹnikẹ́ni lò rí, kí ló wá dé tí wọ́n fi ń ka gbogbo ọkùnrin mọ́ ọ̀daràn? Èkejì máa ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti sú, tí obìnrin kò sì gbẹ́yìn nínú wọn: wọ́n á ní ẹni tó ti pinnu láti hu irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò ní torí bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri jáwọ́. Bí ènìyàn bá gbé ẹ̀sùn méjèèjì yẹ̀ wò dáadáa, yóò rí i pé èrò kan náà ló bí wọn, ìyẹn ni pé ẹni tó ń fipá báni lò ni ìpolongo náà ń bá sọ̀rọ̀. Òun nìkan kọ́, òun sì kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ní lọ́kàn. Ọkùnrin tó jókòó tì í ni wọ́n ń bá wí: ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu rẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Kí irú ìpolongo yìí tó wọ́pọ̀, àwọn obìnrin ni gbogbo ìkìlọ̀ máa ń dojú kọ. Wọ́n á ní kí wọ́n má rìn lóru, kí wọ́n má wọ aṣọ báyìí, kí wọ́n má gbé ife ohun mímu wọn sílẹ̀ lójú agbo. Àwọn ìmọ̀ràn wọ̀nyí lè wúlò fún ẹnìkan lọ́jọ́ kan, àmọ́ wọ́n ní àléébù méjì. Ẹni tí wọ́n lè ṣe níbi ni wọ́n di ẹrù ìṣọ́ra rù, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lè ṣe ibi náà wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, àjèjì tó lúgọ sínú òkùnkùn ni ìkìlọ̀ náà ń yàwòrán rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí obìnrin mọ̀ dáadáa ló sábà máa ń ṣe é. Nínú ìṣirò tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2021, nǹkan bí obìnrin 30 nínú 100 ló ti fojú winá ìwà ipá rí, yálà lílù tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́, tàbí ìbálòpọ̀ tipátipá láti ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn tó sọ pé ẹni tí kì í ṣe ọkọ tàbí olólùfẹ́ ló fi ìbálòpọ̀ hùwà ipá sí àwọn jẹ́ nǹkan bí 6 nínú 100, àjọ náà sì kìlọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí iye yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ ni kì í sọ ọ́ síta. Síbẹ̀ náà, ilẹ̀kùn tí obìnrin tì lóru kò lè dá ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilé dúró.

Àwọn ọkùnrin kan tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ti ara wọn ní gbangba ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn àjálù kan. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ École Polytechnique ní ìlú Montreal lórílẹ̀-èdè Kánádà. Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ya àwọn obìnrin sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọkùnrin kí ó tó yìnbọn lù wọ́n. Obìnrin 14 ló pa lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọdún 1991, àwọn ọkùnrin kan ní Kánádà, tí Michael Kaufman àti olóṣèlú Jack Layton wà lára wọn, dá ìpolongo White Ribbon sílẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkùnrin tó bá gbà pẹ̀lú àwọn so rìbọ́nì funfun mọ́ àyà. Ẹ̀jẹ́ tó ń bá rìbọ́nì náà rìn ló yẹ ká tẹ́tí sí. Ẹni tó bá so ó mọ́ àyà ń ṣèlérí pé òun kò ní hùwà ipá sí obìnrin, pé òun kò ní fara mọ́ ọn, àti pé òun kò ní dákẹ́ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló máa ń gbọ́ apá àkọ́kọ́, tí wọ́n á sì gbà pé tàwọn ti tán níbẹ̀. Apá kẹta ni iṣẹ́ wà, torí pé ó ń béèrè ohun kan lọ́wọ́ ẹni tí kò ṣẹ̀ rárá.

Kí ló dé tí ìdákẹ́jẹ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Ká ní ọkùnrin mẹ́fà jókòó síbi kan, tí ọ̀kan nínú wọn sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ bí òun ṣe mú ọmọbìnrin kan tó ti mutí yó lọ sílé. Àwọn márùn-ún yòókù rẹ́rìn-ín. Ó lè jẹ́ pé mẹ́rin nínú wọn ni ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu, ṣùgbọ́n bí oníkálùkù ti ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn yòókù, ó gbà pé òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń kọ lóminú, ó sì bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà wò ó bí ọ̀lẹ tàbí aláṣejù. Àwọn olùwádìí tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin lẹ́nu wò ní yunifásítì ti rí ohun kan náà léraléra: ọkùnrin máa ń rò pé àwọn ẹgbẹ́ òun fàyè gba ìwà àìdáa sí obìnrin ju bí wọ́n ṣe fàyè gbà á ní tòótọ́ lọ. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò mọ ohun tó wà nínú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rín ló gbọ́, ó sì kà á sí ìfọwọ́sí. Ìpolongo tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sọ fún àwọn mẹ́rin yẹn pé ọ̀daràn ni wọ́n. Ohun tó ń sọ fún wọn ni pé wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, àti pé bí wọ́n bá fajú ro nígbà tí wọ́n ń retí ẹ̀rín lọ́wọ́ wọn, ìtàn náà kò ní dùn ún sọ mọ́.

Ní ti ẹni tó ń hu ìwà náà gan-an, ojú tó fi ń wo ara rẹ̀ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Lọ́dún 2013, àbájáde ìwádìí kan jáde, èyí tí àwọn àjọ tó wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe láàárín ọkùnrin tó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Bangladesh, Cambodia, China, Indonesia, Papua New Guinea àti Sri Lanka. Wọn kò bi ọkùnrin kankan bóyá ó ti fipá báni lò rí. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá ó ti mú obìnrin ní dandan láti bá òun lò pọ̀, tàbí bóyá ó ti bá obìnrin tí ọtí tàbí oògùn ti mú débi tí kò lè sọ ohun tó fẹ́ lò pọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkùnrin kan nínú mẹ́rin tó dáhùn pé òun ti ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye náà yàtọ̀ gan-an láti ibì kan sí ibòmíràn, tí a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n gbogbo ọkùnrin ayé. Nínú àwọn tó gbà pé àwọn ṣe é, ó lé ní 70 nínú 100 tó sọ pé àwọn gbà pé ẹ̀tọ́ àwọn ni, yálà obìnrin náà fẹ́ tàbí kò fẹ́. Láàárín àwọn tó ṣe é sí obìnrin tí kì í ṣe aya tàbí olólùfẹ́ wọn, ó ju ìdajì lọ tí kò tíì pé ogún ọdún nígbà àkọ́kọ́.

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kò ka ara rẹ̀ kún afipábánilòpọ̀. Bí o bá kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé kí wọ́n má fipá báni lò, yóò kà á, yóò sì gbà pẹ̀lú rẹ, yóò kọjá lọ, torí pé lójú tirẹ̀ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Èyí ló mú kí àwọn kan ní ìlú Edmonton ní Kánádà gbìyànjú ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2010, nínú ìpolongo tí wọ́n pè ní Don't Be That Guy, ìyẹn ni pé má di irú ọkùnrin yẹn. Àwọn àwòrán wọn kò fi òkùnkùn tàbí àjèjì hàn. Nínú ọ̀kan, obìnrin kan ló sùn lọ fọnfọn lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú, ọtí sì wà nítòsí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé bí kò bá sọ pé rárá, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ó ti gbà. Òmíràn sọ fún ọkùnrin pé bó bá ran obìnrin lọ́wọ́ dé ilé, ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ara rẹ̀. Inú ilé ọtí, ní ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin, ni wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ẹni tó fẹ́ mú obìnrin tó ti mutí yó lọ sílé á ti dá dúró fún ìṣẹ́jú kan tí kò sí ohun mìíràn láti kà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Skọ́tlándì lo irú gbólóhùn kan náà fún fídíò tiwọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn ohun kéékèèké ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, irú bíi kí ọkùnrin máa tẹjú mọ́ obìnrin nínú bọ́ọ̀sì, láti fi hàn pé ìwà náà ti ń hù tipẹ́ kí ó tó di ohun tí wọ́n ń pe ọlọ́pàá sí.

Inú gbogbo ènìyàn kò dùn sí i. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọkùnrin ṣe àdàkọ àwọn àwòrán Edmonton wọ̀nyẹn, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà láti fi bú àwọn obìnrin pé wọ́n ń parọ́ mọ́ ọkùnrin. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, àwọn tó fẹ́ràn ìpolongo náà sọ àsọdùn tiwọn. Wọ́n gbé e láti ìwé ìròyìn kan dé òmíràn pé ní Vancouver, níbi tí wọ́n ti lò ó lọ́dún 2011, ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá fi nǹkan bí ìdá 10 nínú 100 dín kù lọ́dún náà. Lójú tèmi, iye bẹ́ẹ̀ kò jẹ́rìí sí ohunkóhun. Ẹ̀sùn tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kọ́ ni iye ìgbà tí ìwà náà wáyé. Ó lè dín kù nítorí pé àwọn tó fara gbá a kò gbẹ́kẹ̀ lé ọlọ́pàá mọ́, ó sì lè pọ̀ sí i nítorí pé ìpolongo ṣiṣẹ́, tí àwọn tó ti dákẹ́ fún ọdún pípẹ́ fi wá ní ìgboyà láti sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fi iye ẹ̀sùn nìkan wọn ìpolongo lè yin èyí tó kùnà, kó sì dẹ́bi fún èyí tó ṣàṣeyọrí.

Àwòrán lára ògiri kò lè kọ́ ènìyàn ní ohun tó máa ṣe nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Níbẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn ti wọlé. Lọ́dún 1993, ní Yunifásítì Northeastern ní ìlú Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Jackson Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò Mentors in Violence Prevention sílẹ̀, àwọn eléré ìdárayá ni wọ́n sì kọ́kọ́ mú lò. Wọn kò pè wọ́n gẹ́gẹ́ bí afurasí. Wọ́n pè wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ ń tẹ́tí sí, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ tó lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ ka iwájú wọn kí wọ́n jọ jíròrò rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà kò yàtọ̀ sí ohun tí àgbà ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àfi pé ó wá sọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún orí náà ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ òde àríyá. Ọ̀rẹ́ rẹ kan di ọmọbìnrin kan lápá mú, ọmọ náà ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, wọ́n sì ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin rò pé ohun méjì péré ló wà láti ṣe: kí o bá a jà, tàbí kí o mójú kúrò. Àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi hàn pé ọ̀nà wà láàárín méjèèjì. O lè pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí o sọ fún un pé, “Ọmọ yìí ti mutí yó, jẹ́ ká wá àwọn tó bá a wá.” O lè dá ọ̀rọ̀ rú láìfẹnu ba ohun tó ń ṣe, bóyá kí o bi í léèrè ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, kí o sì jẹ́ kí ọ̀rẹ́ ọmọbìnrin náà fi àyè yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹni tí o bẹ̀rù ni, o lè lọ pe onílé tàbí ẹni tó lágbára ju ìwọ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ti bọ́, kò pẹ́ jù láti béèrè lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà lọ́jọ́ kejì bóyá ó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní kí o gba ọgbẹ́. Ẹni tó ti ronú lórí gbólóhùn tó máa sọ ṣáájú ni ẹnu rẹ̀ máa ń yá nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa sọ ọ́ jáde lẹ́nu níbi ẹ̀kọ́ dípò kí wọ́n kàn gbọ́ ọ.

Ǹjẹ́ ó ń ṣiṣẹ́? Ìbéèrè tó tọ́ ni èwo nínú wọn ló ń ṣiṣẹ́. Nínú àtúnyẹ̀wò kan tó jáde lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kó ìwádìí 140 tí wọ́n ti ṣe lórí ètò ìdènà ìwà ipá ìbálòpọ̀ jọ, ètò mẹ́ta péré ni wọ́n sì rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ó dín ìwà náà kù. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ kúkúrú, tó ń yí ohun tí ènìyàn ń kọ sínú fọ́ọ̀mù padà fún ìgbà díẹ̀ láìyí ìwà rẹ̀ padà. Àwọn ètò mìíràn wà tó máa ń pẹ́, tí ẹni tí àwọn ọmọ mọ̀ sì máa ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Coaching Boys Into Men jẹ́ àpẹẹrẹ kan: akọ́nimọ̀ọ́gbá fúnra rẹ̀ ló ń bá àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀ jálẹ̀ sáà ìdíje, lórí bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin àti bí a ṣe ń dá ẹlẹgbẹ́ ẹni lẹ́kun. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní ilé ẹ̀kọ́ girama 16 ní Sacramento ní ìpínlẹ̀ California, láàárín eléré tó tó 2,000, àwọn tó gbà á máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ju àwọn tí kò gbà á lọ ní òpin sáà, nígbà tó sì pé ọdún kan, ìwà ìkà sí àwọn tí wọ́n ń fẹ́ sọ́nà kò pọ̀ láàárín wọn tó ti àwọn yòókù.

Ní Kampala lórílẹ̀-èdè Ùgáńdà, ètò SASA! kò dá ọkùnrin yà sọ́tọ̀. Àwọn ará àdúgbò, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ni wọ́n kọ́ láti máa bá àwọn ará ilé wọn jíròrò agbára àti bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àbájáde ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 2014. Lílù láti ọwọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́ ní àwọn àdúgbò tí ètò náà dé kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tó wà ní àwọn àdúgbò tí kò dé lọ. Ní ti ìbálòpọ̀ tipátipá, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kéré débi tí wọn kò fi lè fọwọ́ sọ̀yà pé ètò náà ló fà á. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ìkìlọ̀ fún àwọn tó ń ṣèlérí ńlá. Ọkùnrin tó ti gbà pé kò dára láti na aya rẹ̀ lè ṣì gbà pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ fún òun lórí ibùsùn.

Àwọn ìpolongo kan wà tó lè ba nǹkan jẹ́ débi tí ì bá fi sàn kí wọ́n má wáyé rárá. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé ọkùnrin gidi kì í fipá báni lò dùn létí, àmọ́ ọkùnrin gidi ni gbogbo ọkùnrin ka ara rẹ̀ sí, pàápàá ẹni tó gbà pé ọkùnrin gidi ni kì í jẹ́ kí obìnrin sọ pé rárá. Àwọn onímọ̀ kan tún ti tọ́ka sí i pé ọkùnrin tó ti ní ìkórìíra sí obìnrin tẹ́lẹ̀ lè le sí i bí wọ́n bá ń bá a wí ṣáá. Ìpolongo orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ní ewu tirẹ̀. Nígbà tí UN Women, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ HeForShe, ìpolongo tó ń pe ọkùnrin láti dúró ti obìnrin, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, tí òṣèré Emma Watson sì sọ̀rọ̀ ní olú ilé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní New York, ọ̀kẹ́ àìmọye ọkùnrin ló fi orúkọ sílẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. N kò ní kó má dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ bọ́tìnì kan, tí wọ́n sì yìn ín fún un, lè gbà pé òun ti ṣe tòun, nígbà tí àwọn obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún ń wá owó tí wọ́n máa fi san owó ilé tí àwọn tó sá àsálà ń gbé. Ìpolongo tó ń gba owó lọ́wọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọkùnrin àti ọkùnrin tí wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ jẹ níyà náà wà níbẹ̀. Bí ìpolongo bá mọ ọkùnrin ní kìkì ẹni tó lè ṣe ibi àti ẹni tó lè gbani là, ẹni tí wọ́n ṣe níbi láàárín àwọn tó ń gbọ́ ọ yóò tún pa ẹnu rẹ̀ mọ́ sí i.

Nígbà náà, bí wọ́n bá gbé ìpolongo kan wá sí ibi iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ, ohun tó yẹ kí o béèrè ni ohun pàtó tó fẹ́ kí ọkùnrin ṣe, ẹni tí yóò máa tún un sọ lẹ́yìn tí àwọn tó gbé e wá bá ti lọ, àti ibi tí ẹni tó bá wá sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀ yóò gbà lọ. Kí o sì béèrè ọdún mélòó ni wọ́n fẹ́ lò. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán Green Dot, ètò tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti dá sí ọ̀rọ̀ tó bá ṣojú wọn, wò ní ilé ẹ̀kọ́ girama 26 láti ọdún 2010 sí 2014. Ìdajì gbà á, ìdajì kò gbà á. Ọdún kẹta àti ìkẹrin ni ìyàtọ̀ tó hàn gbangba jáde nínú iye àwọn tó sọ pé àwọn hu ìwà ipá ìbálòpọ̀. Ẹni tó bá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó oṣù mẹ́ta, tó sì ń béèrè èsì ní oṣù kẹrin, iye ènìyàn tó wo fídíò ni wọ́n máa kà fún un.